Kí ẹ tó sọ pé ẹ tún un ṣe, ẹ sọ ohun tí ẹ yọ kúrò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ọ̀sẹ̀ gbogbo. Mo rí ìkéde tí ẹ fi sí ojú ewé kejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àkójọ àwọn ìwé ìròyìn yín àtẹ̀yìnwá tí à ń sanwó kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò kó lọ sí ibùdó tuntun lóṣù tó ń bọ̀. Mo tún rí lẹ́tà bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ojú ewé tiwa àwọn òǹkàwé. Bàbá ní ìròyìn kan tí àwọn fi pamọ́ sórí fóònù àwọn kò ṣí mọ́, wọ́n sì ní ó dá àwọn lójú pé àwọn olóṣèlú ló rán yín níṣẹ́ pé kí ẹ yọ ọ́. Mo ka ìkéde, mo ka lẹ́tà, mo tún ìkéde kà. Ni mo bá wá bírò.

Ilé-ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn níbí, ní ẹ̀ka ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá ti wá sọ́dọ̀ wa rí á mọ yàrá náà: tábìlì gígùn, fáànù tó ń ké, àti àwọn ìwé ìròyìn tí a dì pọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tí eruku wọn máa ń mú èèyàn sín. Nígbà tí mo wọṣẹ́, iṣẹ́ mi ni kí n to ìwé, kí n dì wọ́n, kí n kọ déètì sí ẹ̀yìn wọn. Nígbà tó yá, àwọn àkójọ ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ilé-ìkàwé wa bẹ̀rẹ̀ sí í san owó àsansílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fi ìyẹn náà kún iṣẹ́ mi. Bí ilé-iṣẹ́ tó ni àkójọ bá yí nǹkan padà lókè òkun, èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sára pátákó ní èdè Òyìnbó àti ní Yorùbá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́, àti àwọn lọ́yà tó ń wádìí ẹjọ́ ilẹ̀ lè mọ̀. Nítorí náà, irú ìkéde tí ẹ gbé jáde yìí kò ṣàjèjì sí mi. Bákan náà ni gbogbo wọn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: “Inú wa dùn láti sọ fún ẹ̀yin oníbàárà wa pàtàkì…” Bí mo bá ti rí “inú wa dùn” báyìí, mi ò ní ka ìyókù tán kí n tó lọ wo ohun tó ti kúrò níbẹ̀.

Tiyín náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ibùdó tuntun yóò yára, yóò sì rọrùn láti kà lórí fóònù, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìròyìn nìkan ni yóò máa jáde, láìsí àwòrán ojú ewé tó máa ń jẹ dátà. Gbólóhùn yẹn kúrú, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn á ti fò ó. Mo máa padà sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ lóhùn, torí ohun tí wọ́n rò ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sí tábìlì mi náà máa ń rò.

Bàbá, mi ò ní sọ fún yín pé olóṣèlú kì í tẹ ilé-iṣẹ́ ìròyìn láago. Àgbà ni yín, ẹ ti rí ìgbà tí wọ́n ń ti ilé ìwé ìròyìn pa lóru. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìròyìn tó ti pòórá mọ́ wa lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó máa ń wà nídìí rẹ̀ kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Àdéhùn kan ló parí, tàbí ilé-iṣẹ́ kan ló ra ìkejì rẹ̀, tàbí àdírẹ́sì ló yí padà tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún oníbàárà.

Àwọn àkójọ ńláńlá tí à ń gbọ́ orúkọ wọn, irú LexisNexis, ProQuest, Factiva àti NewsBank, kì í ṣe àwọn ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìròyìn tí wọ́n ń tà. Wọ́n dà bí ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ oníṣòwò ní Gbági pé òun á bá a tà á. Ọjọ́ tí alásọ bá ní kí wọ́n dá aṣọ òun padà, ibẹ̀ á ṣófo nínú ìsọ̀, ẹni tó sì wá rajà lánàá á rò pé ojú ń ṣe òun. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló ń fún wọn láyè pé kí wọ́n máa gbé ìròyìn òun jáde, láti ọdún báyìí sí ọdún báyìí. Ó lè ní kí ìròyìn tuntun pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, kí àwọn èèyàn má bàa ṣíwọ́ ríra ìwé ìròyìn. Ó sì lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò pátápátá.

Ẹjọ́ kan wà tí àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í gbàgbé. Ní 1993, òǹkọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jonathan Tasini, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, pe New York Times, Newsday, ilé-iṣẹ́ Time àti àwọn tó ń bá wọn ta àkójọ ìròyìn lẹ́jọ́. Àwọn òǹkọ̀wé yìí kì í gba owó oṣù. Bí wọ́n bá kọ àròkọ kan, wọ́n á gba owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro láti lóye: ìwé ìròyìn ni àwọn tà á fún, ẹnikẹ́ni ò bá àwọn sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹjọ́ náà lọ títí ó fi dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 2001, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án dá wọn láre; Ruth Bader Ginsburg ló kọ ìdájọ́ náà. Ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Dípò kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn máa wá òǹkọ̀wé kiri láti bá a dúnàá-dúrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àròkọ kúrò nínú àkójọ. Ní ti New York Times nìkan, nǹkan bí 115,000 àròkọ tó ti jáde láàárín 1980 sí 1995 lọ̀rọ̀ náà kàn. Kò sí olóṣèlú kankan níbẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé jàre ẹjọ́ wọn, àwa tó ń kàwé ni a pàdánù àròkọ.

Ibi tí ìdájọ́ yẹn ti wọ̀ mí lára jù ni ibi tí ilé-ẹjọ́ ti ya maikirofíìmù sọ́tọ̀, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ya àwòrán ojú ewé sí ní kékeré, tí a máa ń fi ẹ̀rọ wò. Wọ́n ní ẹni tó ń wo maikirofíìmù ń rí odindi ojú ewé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an, tí àròkọ wà ní àyè rẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Àkójọ kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ń fa àròkọ yọ kúrò lójú ewé, ó ń gbé e kalẹ̀ lóun nìkan. Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà míì, ìròyìn ò lọ síbì kankan, ilé tó ń gbé ló yí orúkọ padà. Ní 1999, Dow Jones àti Reuters pa àkójọ wọn pọ̀, òun ló di Factiva. Ní 2006, Dow Jones ra ìpín Reuters. Ní 2017, ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ̀ sí LexisNexis Academic di Nexis Uni. Ní ìparí 2021, Clarivate ra ProQuest. Irú rírà àti títà bẹ́ẹ̀ máa ń sọ líǹkì di òkú, tàbí kó da ohun tí oníbàárà ti fi pamọ́ rú. Ẹ wá fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ti to líǹkì sí ẹ̀yìn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tí kò ṣí. Ọ̀gá á ní irọ́ ló pa.

Ìwé ìròyìn tó kú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí NEXT tí Dele Olojede dá sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó di 2011, ó ti kógbá sílé. Àdírẹ́sì tí a fi ń ka ìròyìn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà kú tẹ̀lé e, èyí tí a sì ń rí kà lónìí kò ju àjákù tí Wayback Machine ti Internet Archive, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì àtijọ́, bá wa gbé pamọ́. Kódà Google tí gbogbo èèyàn gbójú lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í skáànù àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ ní 2008, nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2011, ó ní òun ò ṣe mọ́.

Ohun kan tún wà tó sún mọ́ ohun tí bàbá rò, kí n má parọ́. Èèyàn lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ òun. Ní 1998, La Vanguardia, ìwé ìròyìn kan ní Barcelona, gbé ìkéde jáde pé wọ́n fẹ́ lu ilé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mario Costeja González ní gbàǹjo nítorí gbèsè. Ó ti san gbèsè tán, ọdún ti gorí ọdún, síbẹ̀ bí èèyàn bá tẹ orúkọ rẹ̀ sí Google, gbàǹjo yẹn ló ń kọ́kọ́ jáde. Ó gbé ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ gíga ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù sì dájọ́ ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 2014 pé ó lè ní kí Google má fi í hàn mọ́ bí wọ́n bá wá orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí: ìkéde náà dúró sí àyè rẹ̀ nínú àkójọ La Vanguardia. Ní tiwa níbí, òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 fún èèyàn láyè láti béèrè, ní àwọn ipò kan, pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ nípa òun rẹ́. Àwọn èèyàn á wá bá yín, Olóòtú, bí wọn ò bá tíì wá. Bí ẹ bá gbà fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé “a yọ ìròyìn kan kúrò ní ojú ewé yìí”, ẹ sì fi déètì tí ẹ yọ ọ́ sí i. Ẹ má fi àlàfo sílẹ̀ kí bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ máa ro èyí tó wù wọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó ni mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, torí inú ló ń bí mi. Dọ́là la fi ń san àwọn àkójọ òkèèrè. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, ó ti lé ní 1,400. Ilé-ìkàwé tí owó rẹ̀ ò yí padà á jókòó, á gé èyí tó bá lè gé, oníbàárà á sì wá bá èmi ní tábìlì pé kí ló dé tí ìwé ìròyìn tí òun ń kà lóṣù tó kọjá kò sí mọ́.

Bàbá, ní ti ìròyìn yín: mo wò ó, ó jọ pé líǹkì ni ẹ fi pamọ́, kì í ṣe ìròyìn fúnra rẹ̀. Àkójọ ìwé ìròyìn yìí ti pààrọ̀ àdírẹ́sì lẹ́ẹ̀kan rí ṣáájú èyí tó ń bọ̀ yìí, wọn ò sì jẹ́ kí àdírẹ́sì àtijọ́ máa darí èèyàn sí tuntun. Bí ẹ bá rántí àkọlé rẹ̀ àti oṣù tó jáde, ẹ wọlé, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta nínú àkọlé náà, ó ṣeé ṣe kó jáde. Láti òní lọ, bí ìròyìn bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ kọ orúkọ ìwé ìròyìn náà, ọjọ́ tó jáde àti ojú ewé tó wà sínú ìwé kan. Ẹni tó bá ní mẹ́ta yìí, bí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé bá kú, á rí i ní yàrá wa.

Ó yá, Olóòtú, ó kan èmi àti ẹ̀yin.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ ìròyìn nìkan ni yóò máa jáde. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn ń wá jù nínú ìwé ìròyìn Yorùbá? Kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́. Kì í ṣe eré bọ́ọ̀lù. Ìkéde òkú ni. Bí mo bá jókòó láàárọ̀, àwọn tó ń bọ̀ nìyẹn: ẹni tí wọ́n ní kó wá fi ẹ̀rí hàn pé ọdún báyìí ni bàbá òun kú, torí pé ẹjọ́ ogún wà nílé-ẹjọ́, ìdílé tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó jẹ́ àrẹ̀mọ, tí wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ tẹ̀léra wọn lábẹ́ fọ́tò ìyá nígbà yẹn, ọmọ tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ mọ agboolé tí ìyá ìyá rẹ̀ ti wá, tí agboolé náà sì wà nínú ìkéde ọjọ́ ìsìnkú. Ẹ ò kọ èyí kankan gẹ́gẹ́ bí ìròyìn. Ìpolówó ni, ìdílé ló sanwó rẹ̀. Nínú àkójọ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, ìpolówó kì í wọlé. Ìkéde oyè náà ń lọ nìyẹn, àti ìkéde àyípadà orúkọ, ìkìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ báyìí báyìí, àwòrán ẹ̀fẹ̀, fọ́tò àwọn ọmọ iléèwé tó gba ife ẹ̀yẹ. Gbogbo èyí ni ẹ fẹ́ yọ, ẹ sì pè é ní ìrọ̀rùn.

Mi ò ní dátà lọ́fẹ̀ẹ́, mo mọ̀ pé àwòrán ojú ewé ń jẹ owó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa kọ́kọ́ jáde, kí ẹ wá fi bọ́tìnnì kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ewé náà bó ṣe wà. Àwọn mìíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àyè kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ fún bá ní kò sí nínú owó tí ẹ san, ẹ sọ ìyẹn náà. Oníbàárà lè bínú, ṣùgbọ́n á mọ̀ pé kí òun tètè wá daunlóòdù ìkéde òkú bàbá òun kí oṣù tó ń bọ̀ tó wọlé. Nínú ìkéde tí ẹ kọ yìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ọjọ́ tó bá máa wá a.

Ẹ tún ní ẹ̀rọ ìwáǹkan tuntun yóò “gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.” Ó dára. Báwo ni yóò ṣe máa ka àmì ohùn? Ẹ ò sọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń béèrè, torí ọ̀pọ̀ àwọn òǹkàwé ò mọ ìyà tó wà níbẹ̀. Bí èmi bá tẹ “ọ̀”, ojú yín rí lẹ́tà kan. Kọ̀ǹpútà rí méjì: “ọ” lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Akọ̀wé kan lè tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹn lọ́nà kan, èkejì lọ́nà mìíràn, kí ó dọ́gba lójú wa kí ó má sì dọ́gba nínú ẹ̀rọ. Bí wọn ò bá ti ṣètò rẹ̀ dáadáa, ẹ máa tẹ “Ọ̀yọ́”, ẹ̀rọ á ní kò sí nǹkan kan, nígbà tí Ọ̀yọ́ kún inú ìwé ìròyìn yín fọ́fọ́. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ̀rọ fojú fo gbogbo àmì, ẹni tó ń wá ìròyìn ìlú Ọ̀wọ̀ á bá owó, ọwọ́ àti òwò pàdé lójú ọ̀nà, á sì kàwé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn méjèèjì ló ní ìwúlò tiwọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ sọ èyí tí ẹ yàn, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ méjì mẹ́ta síbẹ̀.

Èyí tó dàgbà jù nínú ìwé ìròyìn Yorùbá tún ní àrùn tirẹ̀. Àwọn tó jáde ṣáájú 1974, kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò yìí, “aiye” ni wọ́n ń kọ, “enia” ni wọ́n ń kọ, “nwọn” ni wọ́n ń kọ. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà á tẹ “ènìyàn”, kò ní rí nǹkan, á sì lọ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà kò sọ̀rọ̀ nípa èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀rọ̀ déètì ló kù. Ẹ ní àkójọ yín “kún rẹ́rẹ́.” Láti ìgbà wo sí ìgbà wo? Èwo ló sọnù láàárín? Àkójọ kan wà lókè òkun, World Newspaper Archive, tí Center for Research Libraries ní Chicago àti Readex jọ ṣe. Ó ní àwọn ìwé ìròyìn Èkó ayé àtijọ́ nínú, irú Lagos Weekly Record àti Lagos Standard, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìpín àkọ́kọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà dúró ní 1922, wọ́n sì kọ ọ́ sára orúkọ rẹ̀ gbangba. Nígbà tí ẹnì kan bá wá bá mi pé òun ń wá Akéde Èkó, ìwé ìròyìn Yorùbá ti I. B. Thomas, níbẹ̀, mo kàn máa ń fi ọdún yẹn hàn án ni: Akéde Èkó ò tíì jáde nígbà náà, ìparí àwọn ọdún 1920 ló bẹ̀rẹ̀. A ò ní jà, a ò ní sọ pé ẹnì kan gbé e pamọ́. Ọdún kan péré tí wọ́n kọ síta ló parí ọ̀rọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tún ìkéde yẹn kọ kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé, kí ẹ sì fi ohun tó ń lọ ṣáájú. Kí ẹ kọ ọ́ pé láti ọjọ́ báyìí, àwòrán ojú ewé kò ní sí mọ́, ìpolówó àti ìkéde òkú kò ní sí mọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Kí ẹ kọ ọ́ pé àwọn ọdún tí a ní nìyí, àwọn ọ̀sẹ̀ tí a ò ní nìyí. Líǹkì àtijọ́ yóò máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ báyìí, tàbí kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Páàsìwọ́ọ̀dù yín á tẹ̀lé yín tàbí ẹ máa dá tuntun. Ẹni tó ti san owó ọdún kan tẹ́lẹ̀, ohun tí a máa ṣe fún un rèé. Lẹ́yìn náà ni kí inú yín wá dùn bó ṣe wù yín. Kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbé e síbẹ̀. Mo pe èyí tó wà nínú ìkéde yín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé àti ní ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, orin ló ń kọ sí mi létí.

Mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣe Archivi.ng, tí wọ́n ń skáànù àwọn ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́ ní odindi ojú ewé. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ tiyín ò bá gbà á. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Ohun kan tó kù: nígbà tí mo ń wo àkójọ yín lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé àwọn ọ̀sẹ̀ kan ò sí níbẹ̀, pàápàá jù lọ nínú àwọn tó ti pẹ́. A ní púpọ̀ nínú wọn ní yàrá wa, a ti dì wọ́n, ikán ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ rán ẹnì kan wá pẹ̀lú lẹ́tà láti ọ́fíìsì yín sí ọ̀gá ilé-ìkàwé wa, kó mú kámẹ́rà tó dáa dání, torí a kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ skáànù, ẹ̀yìn rẹ̀ á já. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ló dáa jù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pọ̀. Orúkọ mi àti nọ́ńbà mi wà ní ìsàlẹ̀ ìwé yìí fún ẹ̀yin nìkan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbé e jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé kan, Ìbàdàn